Ìjìnlẹ̀ àti Ṣingọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́, ẹ sún fún mi kí n jókòó láàárín yín. Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà mọ. Bí ẹ bá bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí kò gún régé, ẹ bá mi tún un ṣe lẹ́nu, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè rántí rẹ̀ jù mí lọ, nítorí èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọkùnrin kan nífẹ̀ẹ́ mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù mi. Kì í ṣe pé ó ní obìnrin mìíràn níta. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni. Ẹnu rẹ̀ ni kò lè là kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní tààrà. Títí dòní, bí mo bá rántí, màá pòṣé kí n tó rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọdún 1960 ló ń parí lọ nígbà náà. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Mo ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù kan tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni mẹ́fà bá ti wọlé, ẹni keje á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á na ọrùn wọlé láti gbọ́ orin. Etí ọ̀gá mi kan ti di. Etí kan ṣoṣo tó kù ló fi ń ta orin fún gbogbo àdúgbò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu rẹ́kọ́ọ̀dù, kí n gbé e sórí ẹ̀rọ, kí n sì tètè gbé abẹ́rẹ́ kúrò kí oníbàárà má bàa gbọ́ orin tán lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn olólùfẹ́ orin á dé. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Àwọn kan pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́rọ̀. Olórin tó bá fúnra rẹ̀ kọ orin rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn, èyí tó bá jókòó ti gìtá kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ há bí ẹni tí òtútù mú, tó ń kọrin nípa òjò, nípa ọ̀nà jíjìn, nípa ọmọbìnrin tó lọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí tó fi lọ. Àwa yòókù ni wọ́n fún lórúkọ. Orin tí ọmọbìnrin mẹ́ta ń pàtẹ́wọ́ sí, tí wọ́n á ní "wá o, wá o, ìwọ ni mo fẹ́," tó sì máa parí kí tíì rẹ tó tutù, òun ni tiwa. Wọ́n ní orin ṣingọ́ọ̀mù ni. Ẹ jẹ ẹ́, ó dùn, adùn tán, ẹ tu ú dànù.

Ọ̀gbẹ́ni tó jẹ́ ọ̀gá fún àwọn Ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìjìnlẹ̀, nítorí kò sóhun tó máa gbọ́ tí kò ní mi orí kó sì ní, "Èyí jinlẹ̀." Sáínbọ́ọ̀dù ló ń kọ; bó bá di alẹ́, á máa ta gìtá, á sì máa kọ orin tirẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òpópónà wa, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ orúkọ sí iwájú wọn. Ọ̀dà pupa tàbí ti búlúù kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, orin ṣingọ́ọ̀mù kan ni mo gbé sórí ẹ̀rọ.

"Sisí," ó ní, "jọ̀ọ́, yọ ìdọ̀tí yẹn kúrò."

"Kí ló ṣe é, bọ̀dá?"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀. Èmi kì í bi ọbẹ̀ tó dùn léèrè orúkọ ẹni tó sè é."

"Èmi mọ̀. Ẹni mẹ́rin ló jókòó sí ọ́fíìsì kan, tí wọ́n kọ ọ́ láàárín tíì àárọ̀ sí oúnjẹ ọ̀sán. Wọn ò gbà á gbọ́ fúnra wọn! Orin tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sunkún kó tó kọ ọ́, orin kọ́ nìyẹn."

Mo ní, "Bọ̀dá, nígbà tí ẹ ń kọ sáínbọ́ọ̀dù alápatà tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ṣé ẹ sunkún?"

Ṣọ́ọ̀bù dàrú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi di òpó mú. Ọ̀gá mi, tí kò gbọ́ ohun tí a sọ, rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn. Ìjìnlẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ mi. Ní ọjọ́ Ajé, ó padà wá ní òun nìkan, ó ra rẹ́kọ́ọ̀dù tó pè ní ìdọ̀tí.

"Mo fẹ́ lọ wádìí ìdí tó fi burú," ó wí. Ó gbé e padà wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ náà, a sì jọ wádìí rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, tí mo bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Oṣù méje gbáko. Mo mọ bí ó ṣe ń rìn, mo mọ bí ó ṣe ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ orin kan bá wù ú, mo mọ̀ pé kò lè kọjá lẹ́bàá sáínbọ́ọ̀dù ẹlòmíràn kó má wá ibi tí lẹ́tà ti wọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí ó fẹ́.

Nígbà kan ó dúró, ó wò mí títí, ó ní, "O mọ̀? O dà bí afárá tí kò sí odò lábẹ́ rẹ̀."

Mo ní, "Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Rò ó."

Mo rò ó. Mo rò ó nígbà tí mò ń fọ aṣọ, mo rò ó nígbà tí mò ń nu rẹ́kọ́ọ̀dù, títí orí fi ń fọ́ mi. Afárá tí kò sí odò lábẹ́ rẹ̀, ṣé mo wúlò ni àbí mi ò wúlò? Ṣé ó ń yìn mí ni àbí ó ń bú mi? Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan léèrè, ó ní, "Ó ní gbígbẹ lo gbẹ." Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi bá Ìjìnlẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì mọ ohun tó ṣe.

Bàámi ni akọ̀wé ní kóòtù tí àwọn tọkọtaya máa ń gbé ẹjọ́ wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, ó ṣe pàtàkì. Lójoojúmọ́ ayé, ohun tí Bàámi ń gbọ́ tó sì ń kọ sínú ìwé ńlá ni pé ọkọ kọ̀ ìyàwó sílẹ̀, ìyàwó kọ̀ ọkọ sílẹ̀. Kò gba àfiwé. Bí ẹnìkan bá dé iwájú tábìlì rẹ̀ tó ní, "Ilé mi ti di igbó," Bàámi á ní, "Igbó báwo? Ṣé ó lù ọ́ ni àbí kò fún ọ lóúnjẹ?"

Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Màámi wà níbẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ọkùnrin elépo ọ̀dà yẹn," Bàámi wí, "ó ti ń sìn ọ́ bọ̀ láti ìgbà òjò. Òjò ti dá. Kí ló ní òun fẹ́?"

"Bàámi, ó... ó fẹ́ràn orin."

"Mo bi ọ́ nípa ara rẹ, o ń dá mi lóhùn nípa orin. Ṣé ó ní òun máa fẹ́ ọ?"

"Kò tíì fẹnu sọ ọ́."

"Kí ló wá fi sọ ọ́? Imú?"

Màámi rẹ́rìn-ín sínú ṣẹ́ẹ̀tì. Ojú tì mí. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ìbéèrè tí Bàámi bi mí náà ni mo ti ń bi ara mi láti oṣù méje.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Tísà dé. Ìṣirò ló ń kọ́ wọn ní ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa. Òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ jọ wá ni. Ó jókòó ṣánṣán, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó ní, "Ẹ kú ilé, sà. Ẹ kú ilé, mà. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín. Mo ní yàrá méjì, mo ní kẹ̀kẹ́, mi kì í mutí." Ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi parí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti mu tíì nínú ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, Màámi ní, "Ẹ wo ẹni tó mọ ohun tó wá ṣe! Ohun tó bá yá, kì í tún pẹ́ mọ́."

Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Tísà gún bí rúlà. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbá rúlà mọ́ra? Mo bú sẹ́kún. Màámi ń wò mí, kò sì lè bínú tán.

Bàámi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mi ò ní fi agbára fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹni tó sọ̀rọ̀ máa dúró de ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí elépo ọ̀dà bá ní ẹnu, kó wá lò ó. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé ní ọjọ́ Ẹtì tí kò lò ó, màá dá Tísà lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ta ni màá rán? Èmi kò lè lọ bá ọkùnrin kí n ní, ẹ wá fẹ́ mi. Àbúrò Bàámi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ni mo sá tọ̀. Obìnrin tí kò ní sùúrù ni. Ó ní abẹ́rẹ́ kì í bẹ ìdí kó tó wọlé. Ó lọ bá Ìjìnlẹ̀ níbi iṣẹ́, ó padà dé pẹ̀lú ojú tó ń tàn.

"Mo sọ ọ́ fún un tán pátá," ó wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Tísà, kẹ̀kẹ́, gbogbo ẹ̀. Ó fò bí ẹni tí mo gún lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n sọ fún ìdílé yín pé kí wọ́n tan rédíò ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, nígbà ètò àwọn olórin tuntun. Ó ní gbogbo ohun tí òun fẹ́ sọ wà níbẹ̀."

"Lórí rédíò? Àǹtí, lójú gbogbo ayé?"

"Ṣé o ò ní kò lẹ́nu? Ó ti lọ yá ẹnu ìjọba!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo nu rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Inú mi dùn débi pé mo jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbọ́ orin tán.

Sátidé pé. A jókòó yí rédíò ká: Bàámi, Màámi, Àǹtí Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, àti èmi. Tísà náà wà níbẹ̀! Màámi ló pè é. Ó ní ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo kì í tọ́, kí ẹnìkejì náà wá fetí ara rẹ̀ gbọ́. Gbogbo àwọn ará ilé kejì ló ti ṣí fèrèsé, nítorí Àǹtí ti sọ fún wọn.

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Gìtá bẹ̀rẹ̀. Ohùn orin náà dára, irú tí ń ti òkè òkun wá, tó máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ tó sì máa ń ré wálẹ̀ lójijì bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó kọrin nípa ọ̀nà, ó kọrin nípa àtùpà. Mo di ọwọ́ Àǹtí mú. Lẹ́yìn náà ni ó dé ibi ègbè, gbogbo wa sì gbọ́ ọ ketekete:

"Mo ti kọ̀ ẹ́ sílẹ̀... nínú ọkàn mi..."

Gìtá bo èyí tó kàn mọ́lẹ̀. Ó tún padà: "Mo ti kọ̀ ẹ́ sílẹ̀... nínú ọkàn mi..." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wí i. Mo kà á.

Màámi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní òun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀," Bàámi dáhùn wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń kà á látinú ìwé ńlá rẹ̀. "Láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wà ní kóòtù, mi ò tíì rí ẹni tó kọ̀ ìyàwó sílẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ."

Tísà ronú sí i. Ó ní, "Nínú ìṣirò, sà, kò tilẹ̀ ṣeé ṣe. A kì í yọ ohunkóhun kúrò nínú òfo."

Mo dìde, mo wọ yàrá lọ. Láti ojú fèrèsé, ìyá kan ní ilé kejì kígbe sí mi pé, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, ó sàn kó kọ̀ ọ́ nísinsìnyí ju ẹ̀yìn ọmọ mẹ́ta lọ!" Ó rò pé òun ń tù mí nínú ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú jù. Ní ọjọ́ Ajé mo lọ síbi iṣẹ́, nítorí ojú ẹkún kì í ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn olólùfẹ́ orin kò dúró de Sátidé. Wọ́n ti kún ibẹ̀, orin yẹn ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

"Ẹ ò rí i bí ó ti jinlẹ̀ tó?" ọ̀kan nínú àwọn Ọlọ́rọ̀ ń wí. "Ẹni tí ó fẹ́ràn gan-an ló kọ̀ sílẹ̀! Kò sí olórin ṣingọ́ọ̀mù tó lè ronú dé ibẹ̀!"

"Ìjìnlẹ̀ wo? Ìkà ni!" ọmọbìnrin kan nínú tiwa dá a lóhùn. "Bó bá fẹ́, kó fẹ́. Bí kò fẹ́, kó lọ. Kí ni wọ́n ń fi gìtá yí i po fún?"

"Ẹ̀yin ẹ fẹ́ kí olórin bu ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́."

"Ó kúkú yé ọmọ ọwọ́ ju tiyín lọ!"

Èmi tí ọ̀rọ̀ kàn dúró láàárín wọn pẹ̀lú aṣọ múlọ́múlọ́ lọ́wọ́. Ìgbésí ayé mi ni wọ́n fi ń jiyàn lórí orin. Mo lé gbogbo wọn jáde. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ló dé, mo ní wọn ò ra nǹkan.

Ìjìnlẹ̀ kò wá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló tún pàdé rẹ̀ lọ́nà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ẹ gbà mí o! Ó bi mí pé, 'Àǹtí, ṣé ó gbọ́ orin náà?' Mo ní, ó gbọ́. Ó ní, 'Kí ló sọ?' Mo ní, kò sọ nǹkan kan, ẹkún ló ń sun láti ọjọ́ náà. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe? Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní, 'Ó sunkún? Ó yé e nìyẹn!' Ká ní abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ǹ bá gún un méjì." Ó ju ìwé kan tí a ká sórí ẹsẹ̀ mi. "Ó ní kí n fún ọ, ọ̀rọ̀ orin náà ni, kí o fi pamọ́. Fi dáná."

Mi ò fi dáná. Mi ò sì kà á. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ Ẹtì ń sún mọ́lé. Màámi ti ń wo irú aṣọ tí Tísà fẹ́ràn. Èmi fúnra mi ti ń sọ fún ara mi pé rúlà kì í bú ènìyàn lórí rédíò.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí ọ̀la ṣe jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo fa ìwé náà yọ. Mo fẹ́ kà á kí inú lè bí mi dáadáa, kí n lè gbà fún Tísà láìwẹ̀yìn. Mo ti sọ fún yín pé kíláàsì mẹ́ta ni mo kà. Ìka ni mo fi ń tọ́ ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Lẹ́tà rẹ̀ dára, ó tò bí sáínbọ́ọ̀dù, kò sì fi àmì kankan sórí tàbí sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Akọ-sáínbọ́ọ̀dù kì í fi àmì sí i. Wọ́n ní ó ń ba ẹwà lẹ́tà jẹ́.

Mo. Ti. Ko. E. Si-le.

Mo dúró síbẹ̀. Ko. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Kọ̀? Kó? Kọ́? Mo sún ìka mi sí ìlà kejì, èyí tí gìtá bò mọ́lẹ̀ lórí rédíò.

Ni le-ta nla-nla.

Ní lẹ́tà ńláńlá. Ta ló ń fi lẹ́tà ńláńlá kọ̀ èèyàn sílẹ̀? Mo ti kọ ẹ́ sílẹ̀ nínú ọkàn mi, ní lẹ́tà ńláńlá! Akọ-sáínbọ́ọ̀dù ni! Ó ní òun ti kọ orúkọ mi sílẹ̀! Ohùn orin òkè òkun tó lọ yá ló ré wálẹ̀ síbi tí kò yẹ kó ré sí, tó sì gbé ọ̀rọ̀ náà ṣubú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ rò pé inú mi dùn? Inú bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣù méje, rédíò, ẹkún ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí pé ẹnìkan kò lè wí pé "mo fẹ́ fẹ́ ọ"!

Mo bá a lórí àkàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, ó ń kọ lẹ́tà kẹta. Mo di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. "O wá! Jẹ́ kí n parí èyí, ọ̀dà á gbẹ..."

"Sọ̀kalẹ̀, ìwọ ọkùnrin yìí!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pè é ní ìwọ. Ó sọ̀kalẹ̀. Alágbàfọ̀ yọjú, ó tún wọlé padà.

Mo na ìwé náà sí i. "Ka ìlà yìí. Má kọ ọ́ lórin. Sọ ọ́ bí èèyàn."

"Mo ti kọ ẹ́ sílẹ̀ nínú ọkàn mi," ó wí.

"Ó dáa. Wá kọ ọ́ lórin báyìí."

Ó rò pé mo fẹ́ràn orin náà. Ó dijú, ó gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀. Bí ó ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yẹn, ohùn ré wálẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Mo rí i nígbà tó gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ọ̀dà sì ń kán láti orí búrọ́ọ̀ṣì sórí bàtà rẹ̀.

"Yéè," ó wí. "Yéè. Gbogbo ayé ló gbọ́ ọ báyẹn?"

"Títí kan Tísà."

"Àní èmi tí mò ń bá gbogbo yín jà nítorí ọ̀rọ̀..."

"Ẹ̀ ń jà nítorí ọ̀rọ̀, ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Orin ṣingọ́ọ̀mù tí ẹ ń tu dànù, bó bá ní 'wá,' 'wá' náà ni ohùn rẹ̀ máa wí. Mi ò wá jiyàn lónìí. Kí lẹ fẹ́?"

Ó gbé ojú sókè. "Bí òpópónà bá..."

"Rárá."

"Bí mo bá jẹ́..."

"Kò sí 'bí' níbẹ̀! Kí lẹ fẹ́?"

Ó wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ̀rù ń bà mí."

Nínú oṣù méje, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò ní láti rò.

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Bí mo bá sọ ọ́ ní tààrà, o lè sọ pé rárá ní tààrà. Bí mo bá sọ ọ́ ní ìjìnlẹ̀, ohun tó le jù tí o lè sọ ni pé kò yé ọ. Ìyẹn, mo lè fara dà á."

Ìbínú mi kò tán, ṣùgbọ́n ó jókòó. Mo ní, "Bàámi wà ní kóòtù títí di aago méjì. Ẹ fọ ọwọ́ yín."

Ọ̀dà náà kò ṣí. Bó ṣe rí náà la ṣe lọ.

Kóòtù kún. Àwọn tọkọtaya jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn, ọkọ ní ìkángun kan, ìyàwó ní ìkángun kejì. Bàámi wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Ó rí wa, kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ bá wá?"

Ìjìnlẹ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Mo rí ojú rẹ̀ tó ń wo àjà ilé, mo sì mọ irú wíwò yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, sà," ó wí.

Bàámi pa ìwé ńlá rẹ̀ dé.

"Ìwọ lo kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lórí rédíò."

"Ohùn orin ló ṣubú, sà. Èmi kò kọ̀ ọ́. Mi ò lè kọ̀ ọ́. Mo ní mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ọkàn mi."

"Orúkọ kíkọ nìyẹn. Tísà ní yàrá méjì àti kẹ̀kẹ́."

"Yàrá kan ni mo ní, sà. Àti àkàbà."

Bàámi wò ó pẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Mo ti gbọ́ tirẹ̀. Kí ni tìrẹ?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo ti ń bú ọkùnrin fún oṣù méje pé kò lẹ́nu, ẹnu mi gan. Gbogbo bẹ́ǹṣì ń wò mí. Bàámi ń wò mí. Mo rí i nígbà náà bí ọ̀rọ̀ náà ti ga tó, àti bí ilẹ̀ ti jìnnà sí i tó. Bí mo bá wí i, kò ní ṣeé gbà padà. Mo mi orí.

"Kóòtù kì í gba mímì orí," Bàámi wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. "Mo ń dúró."

Mo gbé ọwọ́ lé tábìlì rẹ̀.

"Òun ni mo fẹ́," mo wí. Bàámi ní òun ti gbọ́, ó ku kí òun lọ dá Tísà lóhùn pé rárá.

Lórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin kan tó wá kọ̀ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i láti ìkángun kejì, ó ní, "Ìwọ! Ọdún mọ́kànlá! Ìgbà wo lo pàtẹ́wọ́ fún tèmi rí?"

Ọkùnrin náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè. "O ò sọ ọ́ fún mi rí pé o fẹ́ kí n pàtẹ́wọ́," ó dáhùn.

Bàámi gbé ojú sókè, ó wo àwọn méjèèjì. Ó mú ìwé ẹjọ́ wọn, ó gbé e kúrò láàárín ti àwọn yòókù.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ó ní, "ẹ lọ sílé, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ ṣì wà láàárín yín."